Nọ́ńbà tó ń kọjá afárá: ta ló jẹ̀bi, Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?

Ìbéèrè Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbà mí o. Mo ní ìbejì ní JSS 2. Wọ́n fún wọn ní ìṣirò yìí níléèwé: 3x + 4 = 19. Táyé kọ 3x = 19 − 4, ó kọ 3x = 15, ó kọ x = 5. Wọ́n fún un ní 5 nínú 5. Kẹ́hìndé kọ tirẹ̀ báyìí: "19 yọ 4, ó ku 15. 15 pín sí 3, ó jẹ́ 5." Wọ́n fún un ní 2 nínú 5, tíṣà wá fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà kò kọjá. Ìdáhùn kan náà! Ẹkún ni ọmọ náà sun délé. Èmi ò kàwé jìnnà, gaàrí ni mò ń tà ní Òkè-Àjé. Kí ló ń jẹ́ pé nọ́ńbà kọjá? Ibo ló ń kọjá lọ? Ṣé kí n lọ bá tíṣà yìí ni àbí kí n na Kẹ́hìndé?

*

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ló gbà á. Ọ̀kan kọ ọ́ bí tíṣà ṣe fẹ́, èkejì kọ ọ́ bó ṣe rò ó.

Ẹ ní ibo ni nọ́ńbà ń kọjá lọ. Kò lọ síbì kankan. Ẹ wo àmì ìdọ́gba yẹn, ìlà kéékèèké méjì: =. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń sọ fún ọmọ pé afárá nìyẹn, pé ohunkóhun tó bá gba orí afárá kọjá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ: àròpọ̀ á di àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ á di pínpín. Orin ni wọ́n fi ń kọ́ wa nígbà tiwa. Tíṣà á ní "Ó kọjá!", kíláàsì á ní "Ó yí!" Ẹni tí ohùn rẹ̀ ò bá jáde á jẹ pàṣán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Wọ́n sọ fún wa pé 3x + 4 dọ́gba pẹ̀lú 19; x ni nọ́ńbà tí a ń wá, 3x sì ni ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. A fẹ́ kí 4 kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ x, a yọ ọ́ lápá òsì. Tí a bá yọ ọ́ lápá òsì tí a ò yọ iye kan náà lápá ọ̀tún, wọn ò dọ́gba mọ́ nìyẹn. Nítorí náà:

3x + 4 − 4 = 19 − 4

Lápá òsì, 4 àti −4 pa ara wọn rẹ́, ó ku 3x. Lápá ọ̀tún, ó ku 15. Ẹni tí kò bá kọ ìlà àárín yẹn sílẹ̀, lójú tirẹ̀, ńṣe ló máa dà bíi pé 4 gbéra, ó rìn kọjá, ó sì pààrọ̀ aṣọ lọ́nà. Kò rìn o. 4 ti apá òsì, apá òsì ló kú sí. Èyí tí ẹ rí lápá ọ̀tún, 4 mìíràn ni.

Ti Kẹ́hìndé wá ńkọ́? Ọmọ yẹn rò ó pé wọ́n mú nọ́ńbà kan, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n fi 4 kún un, ó wá di 19. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 19, ó ń tú u bọ̀. Èyí tí wọ́n fi kún un, ó yọ ọ́. Èyí tí wọ́n sọ di ìlọ́po mẹ́ta, ó pín in sí mẹ́ta. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò yìí ló ní òdìkejì tó ń tú u: àròpọ̀ àti àyọkúrò ń tú ara wọn, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ń tú ara wọn. Áljẹ́brà JSS 2 kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Àbúrò kan béèrè lábẹ́ ìdáhùn yìí pé kí ló dé tí Kẹ́hìndé fi yọ 4 kó tó pín sí 3, ṣebí BODMAS, òfin tó ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣáájú nínú ìṣirò, ní pínpín ló ń ṣáájú àyọkúrò. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ti ń ṣubú.

Òfin àlọ ni BODMAS. Àbọ̀ là ń ṣe yìí. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ bá wọkọ̀ lọ sí Èkó, Òdógbólú lẹ máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Ṣágámù, kí ẹ tó dé Bẹ́gà. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ńkọ́? Awakọ̀ tó bá gbéra ní Bẹ́gà tó ní òun ti ń wo Òdógbólú níwájú kí òun tó kan Ṣágámù, ẹ yáa ní kó já yín sílẹ̀. Nígbà àlọ, ìlọ́po mẹ́ta ló ṣáájú, àròpọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà àbọ̀, àròpọ̀ la máa kọ́kọ́ tú.

Ọmọ kan wà tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́sàn-án, tó ń wá gba lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ mi ní fàráńdà ilé mi ní Ìkẹ́nnẹ́ lálẹ́, torí ó fẹ́ ṣe WAEC. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ yìí, kò wọ̀ ọ́ létí. Lọ́jọ́ kan ló dédé gbórí sókè: "Ẹ̀n-ẹ́n! Bọ́ọ̀tì tí a dè kẹ́yìn la máa kọ́kọ́ tú." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lò ní kíláàsì, mi ò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ èyí náà di òfin tí ọmọ á máa há sórí. Ẹ wo x/4 + 3 = 10. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àbọ̀ á yọ 3, ó ku x/4 = 7; á fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, x = 28. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ lo 4 kò jẹ̀bi, àmọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi 4 sọ di púpọ̀, títí kan 3 tó dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: x + 12 = 40, x = 28. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sọ 10 di 40, wọn á gbàgbé 3 síbẹ̀, wọn á ní x + 3 = 40, x = 37. Ẹ pín 37 sí 4 kí ẹ fi 3 kún un, ó lé ní 12. Ibi tí wọ́n ti gbéra kọ́ nìyẹn.

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láti àárọ̀. Àwọn kan ní afárá ló yá jù. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni afárá. Àwọn tó kù ń bá Ìyá Ìbejì dúnàádúrà gaàrí.

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun ti fi afárá kọ́ ọmọ fún ogún ọdún, tí wọ́n sì ń yege, mi ò bá yín jà. Èmi náà ń lò ó. Tí mo bá ń ṣe ìṣirò fún ara mi, mi ò jẹ́ kọ 4 − 4 sílẹ̀ láéláé, ta ló ráyè? Ibi tí mo ti ń bá yín jiyàn ni pé ẹ̀ ń fi bẹ̀rẹ̀. Àbùjá ni afárá, ẹni tó ti mọ títì ló yẹ kó máa gbà á. Ọmọ tí kò mọ̀ ju àbùjá lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi igi dí ibẹ̀, ilé ò ní í ṣeé dé.

Mo jẹ ìyà rẹ̀ rí. Kíláàsì kejì ni mo wà, wọ́n kọ 3x = −12 sí ojú bọ́ọ̀dù. Mo rántí orin wa: ó kọjá, ó yí. 3 kọjá, ó di −3. Mo kọ x = −12 − 3, mo kọ x = −15, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ tìgboyà-tìgboyà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó mọ̀ ní tirẹ̀ pé pínpín ni, ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ pé ó gbọ́dọ̀ yí. Ó pín −12 sí −3, ó ní 4. Àwa méjèèjì jọ dọ̀bálẹ̀ níwájú kíláàsì ni. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí fún wa. Orin yẹn sọ pé "ó yí", kò sọ ohun tó yí! Ṣé àmì tó wà lára nọ́ńbà ni àbí iṣẹ́ tí nọ́ńbà ń ṣe? Iṣẹ́ ló ń yí. 3 yẹn ń sọ x di ìlọ́po mẹ́ta. Pínpín ló ń tú ìlọ́po. 3 ṣì jẹ́ 3 títí ayé. −12 pín sí 3, −4 nìyẹn. Ìgbà tí èmi fúnra mi dúró níwájú bọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bíi tíṣà ni mo tó rí i, lójú àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ fún Táyé ní 3x = −12 lálẹ́ òní. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un.

*

Ìyá Ìbejì fèsì:

Táyé ní −15! Bí ẹ ṣe wí náà ni. Kẹ́hìndé ní −4, ó ń jó káàkiri pálọ̀. Mo ní kí n mú ọ̀kan sí i nínú ìwé wọn, 20 − x = 8. Táyé ní 12. Kẹ́hìndé tó ń jó ní 28. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, 12 ló wà níbẹ̀. Ilé ti tún dà rú báyìí, Táyé ló ń jó.

*

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi béèrè pé kí ló dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀nà Kẹ́hìndé ò ní kòtò.

Kẹ́hìndé rí àmì àyọkúrò, ó rí 20, ó ní òdìkejì àyọkúrò ni àròpọ̀, 8 àti 20 jẹ́ 28. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe fún x gan-an? Wọn ò yọ 20 kúrò lára x. x ni wọ́n yọ kúrò nínú 20. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yọ owó nínú àpò mi, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yọ èmi nínú owó.

Ẹ fi gaàrí ṣe é fún un. Oníbàárà fún yín ní 1,000 náírà, ẹ fún un ní ṣéńjì 350. Èló ni gaàrí? Kò sẹ́ni tó máa ro 1,000 pọ̀ mọ́ 350 níbẹ̀. Ẹ máa tún yọ 350 nínú 1,000 ni, 650. Nǹkan tí wọ́n yọ kúrò nínú 1,000, ẹ tún yọ èyí tó kù nínú 1,000 kí ẹ tó rí i. Irú iṣẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni òdìkejì ara rẹ̀.

Tí ìyẹn bá ṣòro fún un, kó fi x kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. 20 − x + x di 20. Apá kejì di 8 + x. Ó ku 20 = 8 + x. Kó wá yọ 8 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, x = 12. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà kúkú ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Gaàrí 650, owó 1,000: mi ò rí ìyá kan ní Òkè-Àjé tó ń yọ 650 nínú 1,000 lórí. Wọ́n á na 50 sí yín, wọ́n á ní "700". Wọ́n á na 300 sí i, wọ́n á ní "1,000". Àròpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyọkúrò.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ fi lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń jó: kí wọ́n máa dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. 3 lọ́nà −15 jẹ́ −45, kì í ṣe −12. 20 yọ 28 jẹ́ −8, kì í ṣe 8. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Tí Táyé bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá ti mú ara rẹ̀. Kẹ́hìndé náà bẹ́ẹ̀.

*

Ẹni tó ní kí n fi òṣùwọ̀n alápá méjì ṣàlàyé bí ìwé ṣe ń ṣe é: mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Mo yà á sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ kan ní ṣé hángà aṣọ ni. Òṣùwọ̀n tí wọ́n mọ̀ ni ti ìyá ẹlẹ́ja tútù, èyí tójú rẹ̀ dà bí aago, tó ní ìkọ́ kan ṣoṣo. Kẹ́ẹ̀gì omi ni mò ń lò báyìí. Ọmọ tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, mọ̀ dáadáa pé tí òun bá da omi nínú ọ̀kan, òun gbọ́dọ̀ da iye kan náà nínú èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọrùn òun á wọ́.

Robert Recorde, dókítà ará Wales tó kọ́kọ́ lo àmì = nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1557, ṣàlàyé ìdí tó fi yan ìlà méjì tó gùn bákan náà: ó ní kò sí nǹkan méjì tó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Kò dárúkọ afárá.

*

"Yorùbá ò ní áljẹ́brà, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn kí wọ́n má bàa dàrú."

Mo ti ń retí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ka 16 fún mi. Mẹ́rìndínlógún. Kí ni ẹ sọ yẹn? Ẹ ní ogún tí mẹ́rin dín. Tí mo bá wá kọ x + 4 = 20, orúkọ ìdáhùn gan-an ti sọ bí wọ́n ṣe máa tú u: ẹ mú 20, ẹ dín 4.

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àádọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ẹ dín ẹ̀wá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Ẹ kọ ọ́ ní áljẹ́brà: 20x − 10 = 50. Ẹ tú u: 50, ẹ dá 10 padà, 60, ẹ pín in sí 20, 3. Ẹ̀ta yẹn ló wà ní ìdí àádọ́ta, tí kò fara pamọ́. Àádọ́rin, ẹ̀rin ló wà nídìí rẹ̀. Mo kọ 20x − 10 = 90 síta fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ti pariwo 5 kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo ní báwo lo ṣe ṣe é? Ó ní, "Àádọ́rùn-ún ni, sà. Àrún ló wà níbẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì wo ló máa fún un ní ìyẹn?

(Ọgbọ̀n ò tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹ má bi mí.)

*

Álífà tó ní Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ áljẹ́brà, òótọ́ lẹ sọ. Al-Khwarizmi ló kọ ìwé náà ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, al-jabr sì wà nínú orúkọ ìwé rẹ̀. Mímú nǹkan tó já tàbí tó ṣẹ́ bọ̀ sípò ni al-jabr. Ní Sípéènì àtijọ́, algebrista ni wọ́n ń pe ẹni tó ń to eegun. Ohun tí al-Khwarizmi ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò ni pé tí nǹkan kan bá dín ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí o dá a padà síbẹ̀, kí o sì fi irú rẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a ṣe fi x kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú 20 − x = 8 lánàá nìyẹn. Eegun la tò.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé kò ní àmì kankan nínú ìwé yẹn. Kò sí x, kò sí +, kò sí =. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi kọ gbogbo rẹ̀, bíi "19 yọ 4, ó ku 15" ti Kẹ́hìndé. Mo rò ó wò pé al-Khwarizmi gba 2 nínú 5 ní JSS 2.

*

Ní ṣókí fún àwọn méjì kan. Ẹni tó ní kí àwọn ọmọ fi fóònù ya ìṣirò kí Photomath bá wọn ṣe é: kò burú láti fi yẹ iṣẹ́ wò, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kí fóònù bá wọn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó béèrè bóyá gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé tú: rárá. Ìlọ́po òdo kò ṣeé tú. 5 lọ́nà 0 jẹ́ 0, 9 lọ́nà 0 jẹ́ 0. Tí mo bá wá gbé 0 fún yín, ẹ ò lè mọ èyí tí mo mú wá. Gaàrí tó ti di ẹ̀bà ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ ká pín nǹkan sí òdo.

*

"Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé, mi ò tíì rí ibi tí x ti wúlò."

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyàwó mi. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tirẹ̀ ra aṣọ fún Ojúde Ọba lọ́dún kan. Àwọn 24 ni wọ́n, owó tó jáde lápò ẹgbẹ́ jẹ́ 516,000, ti onílù tó jẹ́ 36,000 sì wà nínú rẹ̀. Akápò pín 516,000 sí 24, ó kéde pé aṣọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 21,500. Obìnrin kan tó mọ ẹni tó ta aṣọ náà ní irọ́ ni, 20,000 ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ olè ti fẹ́ wọ̀ ọ́.

Akápò kò jalè. Ó pín kó tó yọ ni, ó sì gbàgbé pé owó onílù ti wọ inú ohun tó pín. Ẹ kọ́kọ́ yọ 36,000, ó ku 480,000. Ẹ pín in sí 24, ó jẹ́ 20,000. Ẹni tó bá fẹ́ ṣáájú pín, kó pín ti onílù náà, 1,500 nìyẹn, kó wá yọ ọ́ nínú 21,500. Ọ̀rọ̀ x/4 + 3 tí mo sọ lókè ló padà wá yẹn, gèlè ló wé. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí láti Ìkẹ́nnẹ́ pé kí n wá là á, wọ́n sì fún mi ní ìkókóórẹ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n, ó wúlò.

*

Ó yẹ kí n padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì: ṣé kí ẹ lọ bá tíṣà?

Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìwé Kẹ́hìndé dáadáa. Tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ fún wa ló ṣe wà níbẹ̀, ó tọ́. Àmọ́ tó bá kọ ọ́ ní ìlà kan báyìí: 19 − 4 = 15 ÷ 3 = 5, ẹ má tíì bínú. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé 19 yọ 4 jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú 5. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ tó ń fi orí ṣe ìṣirò máa ń lo àmì ìdọ́gba bí ẹni ń sọ pé "ó wá di", tíṣà sì lè yọ máàkì nítorí ìyẹn láìjẹ̀bi.

Ẹ má lọ bá a níwájú kíláàsì. Ẹ má sì sọ pé wọ́n ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kò mọ iṣẹ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo kọ ní kíláàsì kejì. Ẹ mú ìwé àwọn méjèèjì dání, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan: ìlà wo ni Kẹ́hìndé ì bá kọ kún un kó tó gba 3 tó kù? Tíṣà tó bá mọ ohun tó ń ṣe á fi hàn yín. Tó bá ní "kó ṣáà kọjá", ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ẹ máa wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti tíṣà náà. Ẹni tó ń máàkì ìdánwò ńlá máa ń fún ọmọ ní máàkì lórí ìgbésẹ̀. Kẹ́hìndé tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lórí, lọ́jọ́ tó bá ṣi 19 yọ 4 kà tó sì kọ ìdáhùn nìkan sílẹ̀, òdo ló máa gbé délé. Tí àwọn ìlà rẹ̀ bá wà níbẹ̀, wọ́n á rí i pé ó mọ ọ̀nà. Nítorí náà, kó máa rò ó bó ṣe ń rò ó, kó wá kọ ọ́ báyìí:

3x + 4 = 19
3x = 15 (mo yọ 4 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì)
x = 5 (mo pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí 3)

Kò sí afárá níbẹ̀, kò sì sí tíṣà tó máa fa igi sí i.

Kí Táyé náà máa kọ ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ yẹn fún oṣù kan. Á kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Ẹ wá fún àwọn méjèèjì ní èyí ní Sátidé, kí wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má yọjú wo ti ẹnì kejì: 5x − 3 = 2x + 12. Táyé á fẹ́ kó gbogbo nǹkan kọjá. Kẹ́hìndé á ní òun ò mọ ibi tí òun máa gbà bọ̀, torí x wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé kí ló lè yọ kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tí x á fi ku sí ọ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà lọ sídìí gaàrí yín, kí ẹ fi í sílẹ̀.